Òǹtẹ̀ WH àti 90 Nídìí Ìkòkò Tíì: Ṣé Fàdákà Ni, Èló Ni Kí Ẹ San?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds ni mò ń gbé. Ilé gbàǹjo kan nítòsí wa fẹ́ ta ohun èlò tíì mẹ́ta tó wá láti Ṣáínà: ìkòkò tíì, abọ́ ṣúgà àti jọ́ọ̀gì wàrà. Wọ́n lu dírágónì sí ara wọn, ọwọ́ wọn sì rí bí ọparun. WH, 90 àti lẹ́tà Ṣáínà kan ló wà nídìí wọn. Síbẹ̀ ìwé àkójọ ọjà kò pè wọ́n ní fàdákà, "white metal" (irin funfun) ni wọ́n kọ. Iye tí wọ́n fojú dá ni £500 sí £700. Mi ò ra nǹkan ní gbàǹjo rí. Ṣé fàdákà ni? Èló ni mi ò gbọdọ̀ kọjá? Mo fẹ́ gbé wọn lọ fún ìyá mi ní Ìbàdàn nígbà Kérésìmesì.

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kí "white metal" yẹn lé yín sẹ́yìn. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe òfin òǹtẹ̀ ní 1973, oníṣòwò kò gbọdọ̀ pe ohun tó wúwo ju gíráàmù 7.78 ní fàdákà bí kò bá ní òǹtẹ̀ ọ́fíìsì àyẹ̀wò (ilé iṣẹ́ tó ń yẹ wúrà àti fàdákà wò) tí òfin mọ̀ lára. Òfin náà yọ ohun tí wọ́n ṣe ṣáájú 1950 sílẹ̀, bí ẹni tó ń tà á bá lè fi hàn pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àti pé fàdákà inú rẹ̀ kò dín sí 800 nínú 1,000. Ọ̀pọ̀ ilé gbàǹjo kéékèèké kò fẹ́ wàhálà ẹ̀rí yẹn. Wọ́n á kọ "white metal", wọ́n á sì fi ìyókù sílẹ̀ fún olùrà. Àwọn tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà á kọjá lọ, ìyẹn sì lè ṣe yín láǹfààní. Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe idẹ tí wọ́n fi fàdákà bò lójú, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́rìí síhìn-ín, kò sì jẹ́rìí sọ́hùn-ún. Ẹ̀yin lẹ máa wádìí rẹ̀.

WH dúró fún Wang Hing, ilé ìtajà tó wà ní Canton (ìlú èbúté ní gúúsù Ṣáínà, Guangzhou ni wọ́n ń pè é báyìí) àti Hong Kong ní ìparí ọ̀rúndún 19 wọ inú ọ̀rúndún 20. Olùtajà ni, kì í ṣe òun ló jókòó ti òòlù. Àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà tó ní ìsọ̀ tiwọn ló ń ṣe iṣẹ́ náà, lẹ́tà Ṣáínà tí ẹ rí sì sábà máa ń jẹ́ àmì ìsọ̀ tí iṣẹ́ ti jáde. Ẹ ó rí i bẹ́ẹ̀ lára ọjà Luen Wo àti Tuck Chang ní Shanghai pẹ̀lú, àti lára èyí tó ní HC, ìyẹn Hung Chong: orúkọ ẹni tó tà á wà ní lẹ́tà òyìnbó, orúkọ ẹni tó lù ú wà ní lẹ́tà Ṣáínà. Ọjà òyìnbó ni gbogbo wọn. Ará Ṣáínà kì í fi wàrà àti ṣúgà mu tíì; àwọn tó ń gbé ní èbúté tàbí tó ń wọkọ̀ padà sí Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ṣe wọ́n fún.

90 túmọ̀ sí fàdákà 900 nínú 1,000, ìyókù sì jẹ́ bàbà. Kò ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó fàdákà Spéènì tí wọ́n rọ ní Mẹ́síkò ni àwọn òyìnbó fi ń ra tíì, sílíìkì àti àwo tánganran ní Canton. Láti 1772, owó wọ̀nyẹn, tí wọ́n ń pè ní dọ́là, ní fàdákà bí 900 nínú 1,000. Alágbẹ̀dẹ á yọ́ owó, á fi ṣe ìkòkò, ohun tó bá sì jáde kì í jìnnà sí 90. (Irú dọ́là yìí náà ni àwọn oníṣòwò Èkó ń ná ní ọ̀rúndún 19.) Fàdákà tí wọ́n sábà ń lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn sterling, jẹ́ 925, nítorí náà ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kéré. Ẹ lè rí 85 lára àwọn kan, èyí náà kò burú.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti ṣọ́ra nìyí. Bí ẹ bá rí òǹtẹ̀ kìnnìún lára ṣíbí Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí kì í ṣe alágbẹ̀dẹ tó ṣe é ló yẹ̀ ẹ́ wò kó tó tẹ òǹtẹ̀ náà. Irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ kò sí ní Ṣáínà. Ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà ni 90 jẹ́. Wang Hing ní orúkọ rere, ojúlówó ọjà rẹ̀ kì í sì sábà já ọ̀rọ̀ náà kulẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lónìí láti gbẹ́ irin WH kó sì máa tẹ̀ ẹ́ sí ohun tó wù ú. Àwọn alágbẹ̀dẹ Canton àtijọ́ pàápàá, láàárín nǹkan bí 1785 sí 1840, máa ń fara wé òǹtẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù: kìnnìún, orí ọba, àti lẹ́tà méjì-méjì. WE WE WC tí ẹ lè rí lára ṣíbí Canton, òǹtẹ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Eley, Fearn àti Chawner ni wọ́n ń wò kọ. Láyé ìgbà yẹn ọ̀gá ọkọ̀ òkun mọ̀ dájú pé Canton lòun ti rà á, nítorí náà kò tàn án jẹ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó jogún ṣíbí ni kò mọ̀ mọ́.

Ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10 wo òǹtẹ̀ náà kí ẹ tó wo ohunkóhun. Òǹtẹ̀ tí wọ́n fi òòlù tẹ̀ máa ń ní etí tó mú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á tẹ́jú, á sì mọ́, irin tó yí i ká á sì wú díẹ̀ nítorí pé òòlù ti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó sábà máa ń wọ́, ọ̀kan á jìn ju èkejì lọ, torí pé ọwọ́ ènìyàn ló tẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n rọ pọ̀ mọ́ ara ohun èlò á ní etí tó kú bí ọṣẹ tí a ti lò, pẹ̀lú ihò wíwẹ́wẹ́ nínú lẹ́tà. Ẹ fi í sílẹ̀. Bí òǹtẹ̀ bá mú ṣùgbọ́n tó wà lórí pẹlẹbẹ kékeré, ẹ mí gbígbóná sí i. Ìkùukùu èémí yín á fi ìlà ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ hàn, bí ìlà kankan bá wà. Àwọn kan máa ń gé òǹtẹ̀ kúrò lára ohun kékeré tó ti bàjẹ́, wọ́n á jó o mọ́ ìdí ìkòkò ńlá.

Nípa orílẹ̀-èdè: bí lẹ́tà nídìí bá jẹ́ 純銀, ará Jàpáàn ló sábà máa ń ṣe é. Dírágónì Jàpáàn sábà máa ń ní èékánná mẹ́ta ní ẹsẹ̀ kan, ti Ṣáínà á ní mẹ́rin tàbí márùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí kì í ṣe òfin tí kò yẹ̀. 足銀 tàbí 足紋 jẹ́ ti Ṣáínà, ó ń sọ pé fàdákà inú rẹ̀ péye. Bí ẹ bá sì rí òǹtẹ̀ ọba Ṣáínà onílẹ́tà mẹ́rin tàbí mẹ́fà, irú èyí tó máa ń wà nídìí àwo tánganran, lára ìkòkò funfun tí wọ́n rọ, ohun ìrántí òde òní ni, ẹ má ná kọ́bọ̀ lé e lórí.

Ọjọ́ ìwòran ṣe pàtàkì ju ọjọ́ gbàǹjo fúnra rẹ̀ lọ. Ilé gbàǹjo máa ń ṣílẹ̀kùn fún ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú títà, wọ́n á sì jẹ́ kí ẹ gbé ọjà náà lọ́wọ́. Ẹ mú awò, tọ́ọ̀ṣì kékeré tó tàn dáadáa, òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan, àti aṣọ funfun rírọ̀. Bí iṣẹ́ kò bá jẹ́ kí ẹ lọ, ẹ kọ̀wé sí wọn ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ó kéré tán. Ẹ ní kí wọ́n jábọ̀ ipò ọjà náà, kí wọ́n sì ya fọ́tò òǹtẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, inú ìkòkò, ibi tí ọwọ́ ti kan ara lókè àti nísàlẹ̀, ibi tí ẹnu ìkòkò ti yọ, ínjì ọmọrí (irin tí ọmọrí fi so mọ́ ìkòkò), àti iwájú abọ́ ṣúgà tí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ wá bà. Kí wọ́n wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá kọ A/F sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà nínú ìwé àkójọ, wọ́n ń sọ pé ó ní àbùkù, àti pé bí ẹ ṣe bá a lẹ ó ṣe gbà á.

Nígbà tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ti tọ́ọ̀ṣì bọ inú ìkòkò kí ẹ sì fi ara yín ṣíji bò ó. Láti inú ni wọ́n ti ń lu dírágónì jáde, irin sì ń nà bí wọ́n ti ń lù ú. Ibi tó bá yọ síta jù, bí iwájú orí dírágónì, imú rẹ̀, orí eékún rẹ̀, ibẹ̀ ni irin ti tín-ín-rín jù. Ibẹ̀ náà sì ni aṣọ ìnu-fàdákà ti ń fi ọgọ́rùn-ún ọdún họ ọ́. Bó ti wù kí ihò kéré tó, ẹ ó rí i bí ìràwọ̀ nínú òkùnkùn. Ihò kan tàbí méjì kò ní kí ẹ sá, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dín iye tí ẹ máa san kù. Bí ihò bá pọ̀ ní ojú kan, irin ibẹ̀ ti jẹ tán, kò sì sí alágbẹ̀dẹ tó lè dá a padà láìba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Ẹ wá lọ sí oríkèé. Ọwọ́ ọparun yẹn, páìpù fàdákà ni wọ́n tẹ̀ tí wọ́n sì fi kókó sí i kó lè jọ ọparun. Ibi tó ti kan ara ìkòkò ló máa ń sán. Àtúnṣe tó dára jẹ́ èyí tí wọ́n fi fàdákà jó: ojú rẹ̀ funfun, tínrín, ó sì bá ara yòókù mu. Èyí tí a ń bẹ̀rù ni ti òjé. Ẹ ó mọ̀ ọ́n ní àwọ̀ eérú, kì í dán, ó sábà máa ń tàn kọjá oríkèé bí ẹ̀kọ tó dà sílẹ̀. Òjé ìlẹ̀mọ́ ń yọ́ ní nǹkan bí 200 lórí ìwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ sì ni iná tí wọ́n fi ń jó fàdákà pọ̀ gbọ́dọ̀ dé nǹkan bí 700. Bí alágbẹ̀dẹ bá gbé irú iná bẹ́ẹ̀ sí ibi tí òjé wà, òjé á jẹ fàdákà wọlé, á sì lu ú. Ó ní láti kọ́kọ́ fá gbogbo òjé kúrò, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ nìyẹn, owó rẹ̀ sì lè gbé èrè yín lọ. Ẹ ṣí ọmọrí, kí ẹ tún pa á dé, lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ó bá ń mì sọ́tùn-ún sósì, ìṣó inú ínjì ti jẹ. Ìyẹn rọrùn láti tún ṣe. Bí pẹlẹbẹ ínjì bá ya kúrò lára ìkòkò, kò rọrùn.

Ẹ wo dírágónì náà bí ẹni ń wo ojú ènìyàn. Irùngbọ̀n, ìwo, èékánná, ìpẹ́ ara: ó yẹ kí ẹ lè ka ìpẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dúdú díẹ̀ tó wà nínú kòtò iṣẹ́ náà dára, òun ló ń jẹ́ kí àwòrán yọ. Bí gbogbo ara bá ń dán gbinrin láti òkè dé inú kòtò, tí etí ohun gbogbo sì ti rọ̀ bí òkúta odò, ẹ̀rọ ìdán ni wọ́n gbé lé e. Ẹ̀rọ yẹn ti gbé ohun tí ẹ fẹ́ ra lọ, irin nìkan ló kù. Ní tèmi, n kò ní fi kọ́bọ̀ kan lé iye irin lórí irú ọjà bẹ́ẹ̀, bí òǹtẹ̀ rẹ̀ ti wù kó mọ́ tó.

Ohun kan wà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kì í wò. Láàárín dírágónì, àwọn alágbẹ̀dẹ Canton máa ń fi ojú pẹlẹbẹ kan sílẹ̀ láìfín ohunkóhun sí i, bí owó ńlá tàbí apata kékeré, kí olùrà lè fín orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Bí orúkọ tàbí ọjọ́ bá wà níbẹ̀, inú yín ni kó dùn. Ìfín àsìkò náà ń fi ọjọ́ orí hàn, bí ẹ̀bùn ìdágbére ní Hong Kong tàbí ife ẹ̀yẹ eré ẹṣin ní Shanghai, ó sì ń sọ ìtàn ọjà náà. Ohun tó ń ba iye jẹ́ ni kí wọ́n ti ha á kúrò. Ẹ fi àtàǹpàkò méjì tẹ ojú pẹlẹbẹ náà jẹ́jẹ́: bí ó bá ń wọlé tó ń jáde bí ìdérí agolo, wọ́n ti ha á tínrín. Ẹ mí sí i pẹ̀lú, nítorí èémí a máa gbé òjìji lẹ́tà àtijọ́ jáde nígbà mìíràn. Kí ẹ ra èyí tó ní orúkọ ẹlòmíràn sàn ju kí ẹ ra èyí tí wọ́n ti ha orúkọ kúrò lára rẹ̀.

Mẹ́ta ni ọjà yín, nítorí náà ẹ rí i pé ìyá kan ló bí wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni abọ́ ṣúgà máa ń sọnù, tí ẹnì kan á sì wá òmíràn tó jọ ọ́ fi dípò. Kí WH wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tó. Ẹ wò bóyá àmì ìsọ̀, lẹ́tà Ṣáínà yẹn, jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ fi ìpẹ́ dírágónì wé ara wọn, ẹ ka kókó ọparun lára ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ẹsẹ̀ ìdí wọn. Inú abọ́ ṣúgà àti jọ́ọ̀gì wàrà lè ní wúrà tí wọ́n fi bò ó kí wàrà àti ọ̀rinrin má bàa jẹ ẹ́. Bí ọ̀kan bá ní wúrà tí èkejì kò sì ní rárá, ẹ béèrè ìdí. Àkójọ mẹ́ta tí ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ àlejò kì í gba owó àkójọ. Ẹ díye lé e bí méjì àti ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ eyín erin ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ jù, nítorí Ìbàdàn tí ẹ dárúkọ. Kí ooru má bàa jó ọwọ́ ẹni tó ń bu tíì, wọ́n máa ń fi òrùka pẹlẹbẹ méjì há àárín ọwọ́ ìkòkò, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Eyín erin ni púpọ̀ nínú wọn, egungun ni àwọn mìíràn. Ẹ fi awò wò ó: egungun ní ihò tàbí ìlà dúdú kéékèèké, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń kọjá, eyín erin kò ní in, ìlà tó ń kọjá lára wọn bí iṣẹ́ àwọ̀n ni ẹ lè rí lára tirẹ̀. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gbígbóná dán an wò, ẹ ó ba ohun tí kì í ṣe tiyín jẹ́.

Òfin eyín erin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n ṣe ní 2018 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 6 Oṣù Kẹfà 2022, ka títa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ àyàfi bí ó bá bọ́ sínú àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ìkòkò tíì yín lè bọ́ sí i bí wọ́n bá ṣe é ṣáájú 3 Oṣù Kẹta 1947, tí eyín erin inú rẹ̀ kò sì tó ìdá 10 nínú 100 gbogbo ara rẹ̀. Òrùka méjì yẹn kò lè tó bẹ́ẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, £20 ni owó rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e síta fún títà. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ náà. Bí wọn kò bá ní in, ẹ má fi owó lé e. Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ tà á lẹ́yìn ọ̀la, ẹ ó tún un forúkọ sílẹ̀ lákọ̀tun. Gbígbé e kọjá ààlà jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá: ohun tó ní eyín erin nílò ìwé àṣẹ CITES (àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu) kó tó lè kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Nàìjíríà náà sì wà nínú àdéhùn yẹn. Bí òrùka náà bá jẹ́ eyín erin, ẹ má dì í mọ́ ẹrù Kérésìmesì láìní ìwé; wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé náà ní oṣù bíi mélòó kan ṣáájú, tàbí kí ẹ wá àkójọ tí òrùka rẹ̀ jẹ́ egungun tàbí tí kò ní òrùka rárá. Ẹ má yọ ọ́ kúrò láti fi ike dípò rẹ̀, ẹ ó ba ọwọ́ ìkòkò náà jẹ́.

Ó kan owó. Iye irin ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, nítorí ọjà kì í sábà jábọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ pín gíráàmù sí 31.1035 kí ẹ lè rí áńǹsì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.9, kí ẹ wá fi iye áńǹsì fàdákà kan lọ́jọ́ náà sọ ọ́ di púpọ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wúwo tó gíráàmù 1,244, áńǹsì 40 nìyẹn, fàdákà gidi inú rẹ̀ sì jẹ́ 36. Bí iye irin yẹn nìkan bá ti kọjá £700, ẹ mọ̀ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fojú dá a kéré láti pe èrò wá, kò sì sí bí òòlù gbàǹjo, èyí tí wọ́n fi ń parí títà, ṣe máa kanlẹ̀ níbẹ̀. Ohun èlò tíì kì í ní ohun mìíràn nínú, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ọ̀pá àbẹ́là: wọ́n lè ti da ọ̀dà sí ìdí rẹ̀, òṣùwọ̀n á sì purọ́.

Iye iṣẹ́ ọwọ́ ló kù. Ẹ wá èsì gbàǹjo tó ti kọjá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àkójọ mẹ́ta tí WH wà lára wọn, tí dírágónì wà lára wọn, tí ìwúwo wọn sì súnmọ́ ti yín. Iye tí wọ́n tà á ni kí ẹ wò, kì í ṣe iye tí wọ́n fojú dá. Mẹ́fà sí mẹ́jọ tó. Ẹ yọ èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù kúrò. Ẹ sì wò bóyá iye tí wọ́n kọ ní kọmíṣọ̀n (owó tí ilé gbàǹjo ń gbà lọ́wọ́ olùrà lórí iye tí òòlù kanlẹ̀ sí) nínú, torí ilé gbàǹjo kan ń kọ ọ́ mọ́ ọn, òmíràn kì í kọ ọ́.

Kọmíṣọ̀n yẹn ló máa ń dá ojú ti ẹni tó kọ́kọ́ dé gbàǹjo. Ká ní òòlù kanlẹ̀ ní £800. Bí kọmíṣọ̀n olùrà bá jẹ́ ìdá 25 nínú 100, £200 nìyẹn. Owó orí VAT ìdá 20 á gun orí kọmíṣọ̀n, £40. Bí ẹ bá rà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ni ojú òpó náà lè gba ìdá 5 mìíràn, £40, pẹ̀lú VAT tirẹ̀, £8. £800 ti di £1,088. Bí ẹ bá jókòó sínú yàrá gbàǹjo náà, £1,040 ni. Nítorí náà ẹ ti ìparí bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Bí gbogbo owó tí ẹ lè san bá jẹ́ £1,500, ẹ pín in sí 1.36 bí ẹ bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òòlù kò gbọ́dọ̀ kọjá £1,100. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ pín in sí 1.30, ó máa jẹ́ £1,150. Ìdá tí ilé gbàǹjo tiyín ń gbà wà nínú ìwé àdéhùn wọn, ẹ kà á kí ẹ tó fi orúkọ sílẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ nípa ayédèrú níbẹ̀ pẹ̀lú, àti iye ọjọ́ tí wọ́n fún olùrà láti dá a padà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọjọ́ 14 tí òfin fún ẹni tó ra ọjà láti ọ̀nà jíjìn, kò bo gbàǹjo tí ènìyàn lè lọ jókòó sí.

Lọ́jọ́ náà, ẹ kọ iye òpin yín sórí ìwé kí ẹ tó jókòó. Láàárín £500 sí £1,000, wọ́n sábà máa ń fi £50 gùn ún. Lẹ́yìn £1,000, ó máa ń di £100. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ti gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá ohun tí wọ́n pète. Bí ẹ bá mọ̀ pé ọkàn yín á gbóná, ẹ fi iye òpin sílẹ̀ fún ilé gbàǹjo kí wọ́n bá yín na ọwọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ rà á fún yín ní iye tó kéré jù tí àwọn olùrà yòókù bá gbà, kì í ṣe ní iye òpin yín dandan.

Bí ó bá já mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ dán irin rẹ̀ wò kíákíá kí ọjọ́ ìdápadà tó pé. Abọ́ ṣúgà ló rọrùn jù, bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá ní afẹ́fẹ́ nínú. Ẹ wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ. Ẹ gbé abọ́ omi sórí òṣùwọ̀n, ẹ sọ òṣùwọ̀n di òdo, kí ẹ fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so abọ́ ṣúgà rọ̀ sínú omi náà títí omi á fi bò ó, láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́. Ẹ mì í díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn jáde. Ẹ fi nọ́ńbà tí òṣùwọ̀n bá kà pín ìwúwo gbígbẹ. Bí ó bá wúwo gíráàmù 309, tí òṣùwọ̀n sì ka 30, èsì jẹ́ 10.3, ibi tó yẹ kí fàdákà 90 wà gan-an nìyẹn. Idẹ, àti bàbà funfun tí àwọn ará Ṣáínà ti ń ṣe tipẹ́, kì í kọjá 9. Bí ó bá fún yín ní 9.5, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ wà ní ibì kan. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ má fi ásíìdì kán an, àpá rẹ̀ kì í lọ. Fún ọ̀rọ̀ tí kò ní iyèméjì, ọ́fíìsì àyẹ̀wò wà ní Sheffield, kò jìnnà sí yín. Ẹ pè wọ́n kí ẹ mọ iye tí wọ́n ń gbà. Ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán ka irin kò ju ojú irin lọ, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n kà á níbi tó ti họ, bí etí ìdí, kì í ṣe ojú dídán nìkan.

Ní Ìbàdàn, ẹ sọ fún Màmá pé ohun tó ń sọ fàdákà di dúdú ni afẹ́fẹ́ tó ní sọ́fọ̀, ó sì ń ti ara ẹyin, àlùbọ́sà, irun àgùntàn àti rọ́bà jáde. Kí wọ́n má fi rọ́bà de ọmọrí, kí wọ́n má sì dì í sínú ìwé ìròyìn. Aṣọ òwú mímọ́ tàbí àpò aṣọ tí wọ́n ṣe fún fàdákà ló dára, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ọ̀rinrin kò sí. Bí wọ́n bá fi bu tíì, kí wọ́n fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú omi lọ́wọ́wọ́ọ́ àti ọṣẹ díẹ̀, kí wọ́n sì nu ún gbẹ, pàápàá inú ẹnu ìkòkò. Kí wọ́n má rì í sínú omi oògùn tó ń sọ fàdákà di funfun ní ìṣẹ́jú kan, torí á wọ inú kòtò dírágónì, á sì bó dúdú tó ń fi ìpẹ́ rẹ̀ hàn dànù. Fọ́ọ̀mù ìnu-fàdákà àti kànìnkànìn rírọ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lórí ibi tó yọ síta nìkan, ti tó.